Ẹni Tó Ń Tọ́ Ọ̀sà Wò

Bí mo bá rí ẹni tó ti ìka bọ omi, tó pọ́n ọn lá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń rántí. Kó tó di ẹrù sọ́kọ̀ ní Ìkòròdú, yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ̀sà wò. "Omi oníyọ̀ ló ń gbé ọkọ̀ sókè," ló máa ń wí. "Bí iyọ̀ bá tán, ọkọ̀ á wọlẹ̀ sí i."

Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àbúrò ìyàwó rẹ̀ kó sìmẹ́ǹtì tó fẹ́ fi kọ́lé ní Ẹ̀pẹ́ sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Mo ní kó dín in kù, nítorí ọ̀sà kò níyọ̀ lápá Ẹ̀pẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Omi ni omi ń jẹ́ jàre! Bọ̀ọ̀dá kàn fẹ́ràn àtimáa mu ọ̀sà ni."

"Òótọ́ lo sọ, àna mi," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. "Tiẹ̀ fi àpò márùn-ún kún un."

Ó fi kún un. Àwa wọ ọkọ̀ tiwa, a tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí a ṣe ń sún mọ́ Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ̀ náà ń wọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ń jẹ obì rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ náà rì, ó fa àna rẹ̀ jáde nínú omi.

Kí a tó kó àwọn àpò náà jáde, gbogbo wọn ti di òkúta. Àna rẹ̀ ń sunkún ilé tó fẹ́ kọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yan èyí tó wúwo jù, ó so okùn mọ́ ọn.

Ó ní, "Mo ti ń wá ìdákọ̀ró tipẹ́."