Bàbá Ní Ká Bá Àwọn Kí Mọ́mì

Òórùn èso kajú tó ti rà lábẹ́ igi ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà Ìlọ́fà lọ́dún tí a lọ ṣe ìsìn ìrántí bàbá wa. Ọdún kan ti kọjá, ṣùgbọ́n ọkàn mọ́mì kò tíì balẹ̀ rárá. Ìgbà tí wọ́n wá sílé láti mú aṣọ ni bàbá dákẹ́ ní ọsibítù ní Ìlọrin. Bí a bá ti jókòó tì wọ́n, ohun kan náà ni: “Kò wí nǹkan kan fún mi kó tó lọ.”

Àbúrò mi ọkùnrin, tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó ti gùn débi pé ó gbà pé kò sóhun tí kò ṣeé tún ṣe, ló gbé tirẹ̀ dé. Ó ti ṣa gbogbo ohùn tí bàbá gbà sílẹ̀ lórí fóònù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, ó kó o fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní téèyàn bá bi í ní nǹkan, yóò dáhùn. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má dán an wò. Mọ́mì ní kó gbé e wá.

Ọ̀sán gangan ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mọ́mì tún gèlè wọn wé, wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí fóònù. “Bàbá àwọn ọmọ mi, kí lo fẹ́ wí fún mi?”

Bàbá wúkọ́ díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. “Ara mi le. Ṣé o ti jẹun? Mọ́mì rẹ ńkọ́? Bá mi kí i. Wí fún un pé mò ń bọ̀ wá ulé.”

Àwọn bàbá ìlú wa kì í sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ síyàwó lójú ọmọ. Ọmọ ni wọ́n máa ń rán. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pàápàá, bí mọ́mì bá ti wá sílé, àwa ni bàbá ń rán sí wọn. Ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́ ọ rí kí bàbá bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀, ó rò pé ọ̀kan lára wa ló jókòó síwájú òun. Àbúrò mi na ọwọ́ sí fóònù, ó ní òun á tún un ṣe. Mọ́mì gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

“Ó ń béèrè mi lọ́wọ́ mi,” ni wọ́n wí fún wa. Wọ́n wá tẹ̀ síwájú, wọ́n dáhùn bí ọmọ tí a rán níṣẹ́: “Mo ti bá ọ kí i. Ó ní kó o má bọ̀ mọ́. Ó ní kó o sinmi. Ó ní ó di gbéré.”

“O ṣé, ọmọ mi. Wí fún un pé mò ń bọ̀.”

Àbúrò mi pa fóònù náà.

Mọ́mì ti ń sùn dáadáa láti ìgbà náà, inú mi sì dùn sí i. Mo ti wá mọ̀ pé tiwa ni gbogbo ohun tí bàbá fi sílẹ̀ lórí fóònù. Èyí tó jẹ́ ti mọ́mì, inú yàrá wọn ni wọ́n ti sọ ọ́, kò sí ẹ̀rọ tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mọ́mì ti dágbére tiwọn. N kò mọ ẹni tí wọ́n dágbére fún.