Iná Tó Ń Tàn Lórí Òkè Nìkan

Ìyá Rọra làwọn aládùúgbò ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó bá a wọkọ̀ tí kì í gbọ́ "rọra" lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá gbé èrò, ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Opó ni. Ọkọ̀ kékeré tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń kó búrẹ́dì lọ sáwọn abúlé orí òkè, níbi tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé pẹ̀lú ọkọ. Oyún ọmọ náà ti wọ oṣù ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Dókítà ní kí wọ́n tètè gbé e wá sílé ìwòsàn ìsàlẹ̀. Ìyá nìkan ló ní mọ́tò.

Àsìkò yìí gan-an ni iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú rẹ̀. Bó bá ti gun òkè dé ibi tí etí ti ń di, iná á yọ, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ara ọkọ̀ á dá ṣáṣá. Mẹkáníìkì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó fọ asẹ́ afẹ́fẹ́. Iná tún tàn, létí ọ̀gbun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ ọmọ rẹ̀ pè é.

"Mọ́mì, ojú ẹ̀ ti wú. Orí ń fọ́ ọ gan-an."

Ìyá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó wakọ̀ lọ bá mẹkáníìkì tààrà.

"Màmá, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Bóyá ẹ̀rù ló ń bà yín."

"Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù kọ́ ló ń tan iná. Ọmọ tára ẹ̀ gbóná janjan nílé, tó dé iwájú dókítà tó ń fò kiri, lọkọ̀ yìí. Wọlé. Ibi tó ti ń ṣàìsàn ni wàá ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n gun òkè débi kan, iná yọ. Ìyá dúró níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀, ó fa bírékì ọwọ́. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ná, Màmá. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́!"

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà, ó ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun kan sì ń súfèé lábẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì fọwọ́ bo abẹ́ rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Ìgbọ̀n náà dáwọ́ dúró.

"Ó ti là lábẹ́. Bó bá ń fà lójú òkè ló ń yanu, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ò wọ̀n á wọlé. Nísàlẹ̀, ó lè fara dà á. Lókè tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ yìí, kò lè gbà á."

Ó fi téèpù wé e, ó fi wáyà dì í.

"Ṣé á gbé wa lọ, á gbé wa bọ̀?"

Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Bẹ́ ò bá sáré."

"Èmi? Sáré?"

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n dé abúlé, wọ́n tẹ́ ọmọbìnrin náà sẹ́yìn, níbi tí búrẹ́dì máa ń wà, orí rẹ̀ lórí itan ọkọ rẹ̀, mẹkáníìkì sì jókòó níwájú. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà. Ní gbogbo ìsọ̀kalẹ̀ náà, ìyá ò mọ èyí tí ì bá máa wò, ọ̀nà ni, àbí ibi tí iná máa ń yọ sí. Kò yọ.

Nílé ìwòsàn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ tuntun jáde. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ké kíkan. Nọ́ọ̀sì ní ìyá ọmọ ti lajú, ó ń béèrè omi. Ìyá Rọra gbìyànjú láti dìde lórí bẹ́ńṣì. Mẹkáníìkì tọ́wọ́ ẹ̀ ṣì dúdú fún gíríìsì ló fà á dìde.