Irun ni Mo Fẹ́ Dì

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi ọwọ́ òsì títì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ọdún náà ni ìyá mi mú mi láti abúlé wa nílẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ wá sí Lọ́kọ́ja láti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí a fẹ́ sọdá títì lẹ́bàá oríta Paparanda, ìyá mi wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó sì wo òkè pẹ̀lú, torí kò mọ ibi tí mọ́tò tún máa gbà yọ mọ́. Má rẹ́rìn-ín, ọmọ ọmọ mi, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Irun dídì ni mo fẹ́ kọ́. Kò sí ohun tó nírun lábúlé wa tí n kò dì rí: irun àgbàdo, koríko, irùngbọ̀n òbúkọ bàbá mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní ọ̀rẹ́ kan létí omi ní Lọ́kọ́ja, obìnrin Tápà kan tó ń yan ẹja, wọ́n sì ti jọ sọ ọ̀rọ̀ mi. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo sọ fún obìnrin náà pé n kò fẹ́ràn ẹja.

Ó ní, "Ṣé ẹja fẹ́ràn ìwọ náà ni?"

Mo ní irun ni mo fẹ́ dì. Ó ní kò burú.

"Obìnrin kan wà ládùúgbò Natako tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní irun dídì. Ọjọ́ tí o bá yan ẹja apẹ̀rẹ̀ kan tí n kò rí àléébù lára rẹ̀, èmi fúnra mi ni màá mú ọ lọ bá a. Ṣé o gbọ́, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀?"

Mo gbọ́. Mo rò pé oṣù kan ti tó.

Ẹ̀yin tó ń jẹ ẹja yíyan, ẹ rò pé kéèyàn ṣáà gbé e lé iná ni. Ẹ kọ́kọ́ máa yọ ìfun rẹ̀ láìbẹ́ òróòro, torí tí òróòro bá fi lè bẹ́, ẹja náà ti korò nìyẹn. Ẹ máa ká ẹja àrọ̀ kí ìrù rẹ̀ kan ẹnu, kí awọ má sì ya. Iná ibẹ̀ kì í jó lala, èéfín ló ń ṣiṣẹ́. Èmi bẹ́ òróòro, mo ya awọ, mo sùn lọ nídìí ààrò, ẹja di èédú. Oṣù kan di mẹ́fà. Ìyá náà á kàn mú ẹyọ kan nínú apẹ̀rẹ̀ mi, á gbóòórùn rẹ̀, á ní, "Gbé e fún ológbò, tí ológbò bá gbà."

Ọgbọ́n kan wá sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ tó lọ sọ́jà, mo kó ẹja tí òun fúnra rẹ̀ yan kún apẹ̀rẹ̀ mi bámúbámú, mo sì da tèmi sínú tirẹ̀. Nígbà tó dé, mo gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ bí ọmọ gidi.

Ó mú ẹyọ kan. Ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó tẹ ìrù rẹ̀.

"Ìrù yìí gbẹ ju ara lọ."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ara mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ yan án."

"Mo mọ̀. Aládùúgbò wá kí mi lánàá, ọ̀rọ̀ wa gùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gùn nìyí." Ó fi ìka hàn mí. Lóòótọ́ ni, ìrù náà gbẹ. "Wàláì, ọmọ yìí, ká ní o fi ìdajì ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yìí yan ẹja ni, ò bá ti wà ní Natako látọjọ́ yìí."

Ìbínú ni mo fi kọ́ṣẹ́ náà, kì í ṣe ìfẹ́. Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì wà ni kí n mọ̀ ọ́n ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí òróró ẹja bó ṣe ń kán sínú iná. Tó bá ń ta pàrà, iná ti pọ̀ jù. Tó bá dákẹ́, màá ti igi kan sí i. Mo mọ ìgbà tí atẹ́gùn odò máa ń yí nírọ̀lẹ́, màá ti fi páànù dí ẹ̀gbẹ́ ààrò kó tó dé. Ọdún méjì kọjá, n kò tilẹ̀ fura.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá náà mú ẹyọ kan nínú apẹ̀rẹ̀ mi, ó tẹ ìrù rẹ̀. Ó mú èkejì. Ó bu ẹ̀kẹta sí méjì, ó jẹ ẹ́ tán tòun ti orí. Ó ní, "Lọ di ẹrù rẹ."

Ó mú mi lọ sí Natako bó ṣe ṣèlérí.

Orí ọmọ kékeré kan ni ọ̀gá onírun kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́, pé kí n fi òòyà la ìlà ṣùkú sí i. Ìlà tèmi rí wọ́kuwọ̀ku bí ọ̀nà ewúrẹ́. Ọmọ náà pe ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámi, ọwọ́ àǹtí yìí ń ta sánsán bí ọbẹ̀, ebi ń pa mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan ń kiri ẹja kọjá. Mo ju òòyà sílẹ̀. Mo mú ẹja kan lórí àtẹ rẹ̀, mo tẹ ẹ́ níkùn. Mo ní, "Ìyá, iná yín ti le jù níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, inú ṣì tutù. Tó bá fi máa di ọ̀la, á ti bàjẹ́."

Ó ní, "Ta ló bi ọ́ léèrè?"

Obìnrin tí mo ń dirun fún ní, "Orí mi ńkọ́?"

Ọ̀gá onírun wò mí. "Látijọ́ mẹ́ta, o ò tíì wo orí ẹnikẹ́ni bí o ṣe wo ẹja yẹn."

Mo jiyàn. Mo sunkún pàápàá, torí irun dídì ló wà lọ́kàn mi láti kékeré. Bí mo ṣe ń nujú, mo bi ara mi pé kí ni mo tilẹ̀ fẹ́ràn níbẹ̀ gan-an. Ká má parọ́, ìjókòó lábẹ́ igi ni, àti òfófó. Òfófó sì wà létí omi náà. Àwọn oníẹja mọ̀ ọ́n ṣe ju onírun lọ.

Mo padà. Obìnrin Tápà yẹn wà nídìí ààrò. Ó ní, "Igi apá ọ̀tún yẹn tutù. Yọ ọ́." Mo yọ ọ́. N kò lè sọ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó ti wà lára mi kí n tó mọ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ tèmi dàgbà, tí èyí ní aṣọ rírán kò sí lọ́kàn òun, tí ìyẹn ní òun ò fẹ́ iṣẹ́ káfíńtà, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ná kí wọ́n tó wá sọ fún mi pé àwọn kórìíra rẹ̀. Ìyá tìrẹ ló bi mí pé, tí òun bá mọ̀ ọ́n ṣe tán tí òun ṣì kórìíra rẹ̀ ńkọ́? Mo ní, "Ìgbà yẹn, èmi ni màá gbé báàgì rẹ dé gáréèjì." Ó ránṣọ fún ọdún mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó ń rán búláòsì bíi tirẹ̀ ládùúgbò Karaworo, ó sì kórìíra rẹ̀ títí dọjọ́ tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo gbé báàgì náà. Ó wúwo, torí gbogbo aṣọ tó rán fúnra rẹ̀ ló kó sínú rẹ̀.