Ọpẹ́ Ṣáájú Ìbò

Ọkùnrin ará Mẹ́síkò kan gbé yàrá òkè ilé mi ní Becontree, nílùú Òyìnbó, fún nǹkan bí sáà gómìnà kan nílùú wọn, ìyẹn ọdún mẹ́fà, ó dín díẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn Becontree. Ó ń dúró de ẹnì kan kí ó kúrò lórí àga ni.

A jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù kan ní Dagenham Dock, níbi tí a ti ń di ewébẹ̀ sínú ọ̀rá fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ibẹ̀ tutù ju ìta lọ, nínú oṣù kẹjọ pàápàá. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó wọ súwẹ́tà méjì sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún wa, ó sì ń dá tíì mu ní kọ̀rọ̀. Mo bi í pé níbo ló ń gbé. Ó ní òun àti àwọn ọkùnrin kan ló há sínú yàrá kan lẹ́bàá Ripple Road. Mo ní yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí ọmọ mi ti lọ sí yunifásítì tí kò padà wálé mọ́. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn, pẹ̀lú àpótí kan àti ìkòkò kékeré tó fi ń se ẹ̀wà. Ẹ̀wà tirẹ̀ dúdú, tèmi pupa. Orí ata nìkan ni ọ̀rọ̀ wa ti bára mu.

Olùkọ́ ìtàn ni nílé, ní ilé-ìwé girama. Ìwé ìròyìn kékeré kan wà nílùú wọn tó máa ń kọ nǹkan sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ìtàn gbogbo gómìnà tó ti jẹ ní ìpínlẹ̀ wọn, láti orí ẹni àkọ́kọ́ wá. N kò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà. Àwọn ìtàn yìí ló máa ń sọ fún mi ní ilé ìdáná lọ́jọ́ Sátidé, èmi ń gé ẹ̀fọ́, òun ń ṣa ẹ̀wà.

Kí n má purọ́, mo gbádùn wọn. Gómìnà kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó máa fi dé, ọ̀gágun kan ti jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀. Òmíràn kó olú ìlú lọ sí abúlé ìyá rẹ̀, ẹni tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sì kó o padà. Nígbà tí ogun gba gbogbo orílẹ̀-èdè náà kan, gómìnà méjì ló wà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lókè odò, ọ̀kan nísàlẹ̀, àwọn ará àárín sì ń kí èyí tí ẹṣin rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé. Ère kan wà ní gbàgede tí orí rẹ̀ ṣeé yọ. Bí ìjọba bá ti yí, wọ́n á rọ orí mìíràn sí i. Mo ní irọ́ ni. Ó búra.

Èmi náà sọ tiwa. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, fọ́tò gómìnà máa ń wà lára ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Ṣójà ni wọ́n. Wọ́n á rán wọn wá láti ibi tí a kò mọ̀, kí a sì tó mọ orúkọ wọn pè dáadáa, wọ́n ti gbé wọn lọ ibòmíràn. Fọ́tò ń yí, ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ kò yí. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ì bá ti kọ ìyẹn sínú ìwé ìròyìn.

"Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá," mo sọ fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Ó ń pè é lẹ́yìn mi títí ó fi mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ wọ́.

Níwọ̀n ìgbà tó ń kọ nípa àwọn òkú, gbogbo ìlú ló ń bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó kọ ọ́ dé orí èyí tó wà láyé, tó wà lórí àga, ni nǹkan yí. Ó kọ ọ́ pé gómìnà náà àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gbogbo ọ̀nà tí gómìnà náà bá pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mímọ̀ ọ̀tọ̀, kíkọ ọ̀tọ̀. Àwọn ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà wá sílé rẹ̀. Kò sí nílé. Ìyá rẹ̀, tó ti darúgbó nígbà náà, gbé àga fún wọn, ó bu omi fún wọn, ó sì sọ fún wọn pé ọmọ òun ti rìnrìn àjò lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ìyá ti di òótọ́.

Òfin kan wà lọ́dọ̀ wọn tó gbẹ́kẹ̀ lé pátápátá. Ẹni tó bá ti jẹ gómìnà rí kò tún lè jẹ mọ́ láéláé. Ọdún mẹ́fà, ó parí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni àwọn bàbá ńlá àwọn fi ra òfin náà, kò sì sí ẹni tó láyà láti fọwọ́ kàn án. Nítorí náà kò tú àpótí rẹ̀ tán láti ọjọ́ tó ti dé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá á bi í bóyá ó ti jẹun, lẹ́yìn náà á sọ iye ọdún tó kù. Ohun kan ṣoṣo ló ń já ọkùnrin náà láyà: kí ìyá òun má lọ kú kí sáà náà tó parí.

Nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kí wọ́n dìbò, ó sọ fún mi pé àbúrò gómìnà náà ti jáde, ó fẹ́ du ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo fi í lọ́kàn balẹ̀. Mo ní nílùú tiwa, ilé ọlọ́ba ju ẹyọ kan lọ. Bí ilé kan bá jẹ tán, ó kan ilé kejì. Ilé kan kì í jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, bí wọ́n bá dán an wò, ìlú á dàrú. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbà mí gbọ́. Ìwé ìròyìn wọn náà ń sọ pé ẹ̀yìn ni àbúrò náà wà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Rippleside. Aláṣọ funfun ni wá, ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà. Bí a ṣe ń gbàdúrà fún un lọ́wọ́, ẹ̀mí gbé wòlíì wa. Ó ní, "Mo rí àga kan. Ẹni tó jókòó lórí ẹ̀ ti dìde. Ó ń lọ ò!" Gbogbo ìjọ pariwo àmín.

Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ àgbà obìnrin láàárín wa, di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn ìsìn. "Sister, kí la tún ń wait fún? Thanksgiving ni o. Ẹni tó bá ní faith kì í dúró kí ọbẹ̀ jinná kó tó say thank you. Ẹ mú bàbá Mexico yẹn wá on Sunday, sharp sharp."

Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọpẹ́ ìgbàgbọ́ là ń pè é: ènìyàn á kọ́kọ́ dúpẹ́ fún ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ̀. Mo ti rí i kí ó jẹ́, mo sì ti rí i kí ó má jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ni gbogbo wa máa ń rántí.

Ó wá. Kátólíkì ni, kò sì yé e pátápátá ohun tí a ń ṣe. Ó bọ́ bàtà, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ jáde nínú ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n gbé abẹ́là lé e lọ́wọ́ kan, ọ̀pẹ̀yìnbó lé e lọ́wọ́ kejì, ó sì jó lọ síwájú pẹpẹ, gbogbo wa ń jó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù fún un. Bí ènìyàn ṣe ń lọ sílé láàárín wa nìyẹn: ẹrù tirẹ̀ á kéré, ti ẹlòmíràn á kún àpótí. Wọ́n kó ọṣẹ fún ìyá rẹ̀, wọ́n kó bisikíìtì inú agolo, wọ́n kó ìbọ̀sẹ̀ olówùú tí ènìyàn fi ń sùn. Èmi rán ìró àti bùbá àdìrẹ fún ìyá náà, mo fojú díwọ̀n rẹ̀ nínú fọ́tò. Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé obìnrin tí kò mọ̀ rí ti ránṣọ fún un, ìyá bi í pé àwọ̀ wo ni. Ó ní aró. Ìyá ní òun ní bàtà tó máa bá a mu.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dìbò. Nítorí pé aago tiwọn wà lẹ́yìn tiwa, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni èsì rẹ̀ dé bá wa níbi iṣẹ́, lásìkò tí a ń mu tíì. Ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí tábìlì. Ó kà á, ó dojú fóònù náà dé, ó sì jẹ búrẹ́dì náà tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Àbúrò yẹn ló wọlé."

Agogo dún, a padà sídìí ewébẹ̀, a sì di létúsì títí iṣẹ́ fi parí.

Inú bí mi. Ó bí mi sí gómìnà tí n kò rí rí, ó bí mi sí àbúrò rẹ̀, ó sì bí mi sí wòlíì. Mo pe wòlíì lórí fóònù. Ó ní, "Sister, ohun tí wọ́n bá fi hàn mí ni mo ń sọ. Ẹni yẹn ò dìde ni?" Òótọ́ ni. Ó dìde. Wọn kò fi ẹni tó dúró sẹ́yìn àga hàn án. Ìyá Ìjọ ní kí a gba ààwẹ̀ tuntun, ó ní, "God no dey sleep, Sister." Mo ní mo mọ̀, mà, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó yẹn ti ń tòògbé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà pe ìyá rẹ̀ nílé ìdáná, mo wà níbẹ̀. Ó gbé fóònù sórí tábìlì kí ohùn rẹ̀ lè jáde, ó sì ń túmọ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìyá bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun ti jẹun. Ìyá kò sọ iye ọdún kankan. Nígbà tó yá, ó béèrè nǹkan kan, ọmọ rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín kí ó tó túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ṣé gómìnà náà tún ní àbúrò mìíràn lẹ́yìn èyí?"

"Ṣé ó ní?"

"Ó ní ẹyọ kan."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá gbọ́ ẹ̀rín wa láti òkèèrè, òun náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ikọ́ náà pẹ́. Ọmọ rẹ̀ dúró, ó tẹjú mọ́ fóònù, ó ń retí kí ó dáwọ́ dúró, nígbà tó sì dáwọ́ dúró, wọ́n dágbére fún ara wọn. Ìgbà náà ló kọjú sí fèrèsé, ó sunkún. N kò rí i kí ó sunkún rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó sun ún tán, mo ń bá iṣẹ́ ẹ̀fọ́ mi lọ.

Ó gòkè lọ, ó gbé ìró àti bùbá náà wá, ó ti ká a dáadáa. Ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́, kò dára kí ó máa dúró de òun nínú àpótí. Ó wá béèrè bóyá mo máa fẹ́ gba yàrá mi. Mo ní kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Ọmọ ìjọ kan ti béèrè rẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé ènìyàn wà níbẹ̀.

Mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Barking lọ́jọ́ kejì, kí a tó wọṣẹ́ ọ̀sán. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà wọ̀n ọ́n, ó bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ní aṣọ ni. Ó ní ó lè pẹ́ lọ́nà o, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹnì kan wà nílé tó máa fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á dá a padà. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé ẹnì kan máa wà nílé.

Mo ní kí wọ́n sáà tètè gbé e lọ.