Bàbá Olútáyọ̀, Agbẹnusọ fún Òkú

Ọjọ́ tí Bàbá Olútáyọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún òkú ni gbogbo ìjọ wa ní Adelphi, l'Amẹ́ríkà, mọ̀ jù. Kíláàsì oyè kejì tó ń kà ní yunifásítì ni, níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé ní èdè Japan, tí wọ́n sì ń fi èdè náà jiyàn lé e lórí. Àròkọ ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́ ni wọ́n kà. Ni àwọn ọmọ kíláàsì bá dà bo òkú náà: ó gbéraga, ó fìyà jẹ ìyàwó ẹ̀. Bàbá nawọ́.

"Ta ló ń gbẹnu sọ fún un níbí?"

"Ó ti kú," ni olùkọ́ wọn, obìnrin ará Japan, fèsì.

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń béèrè."

Ló bá gbé àga rẹ̀ síwájú, ó jókòó bí ẹbí òkú, ó ń fèsì. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìyàwó, ó wò yíká, ó rí i pé ẹjọ́ náà ò ṣeé gbà rò. Ó ní, "Ó ní kí ẹ má bínú. Kò ní ṣe é mọ́."

Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kó tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà. Mobáyọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó máa ń fi orúkọ ọmọ wọn pè é, ní, "Bàbá Déolú, ta lẹ fẹ́ máa fi èdè Japan bá sọ̀rọ̀ ní Maryland yìí?"

"Àwọn tí mo ń fi Yorùbá bá sọ̀rọ̀ ńkọ́, ta ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nínú wọn?"

Ohun kan ló kù kó tó yege: kó darí ìjíròrò kan fúnra rẹ̀, ní èdè Japan, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kíndìnrín rẹ̀ sì ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ìjọ wá ń gbàdúrà fún ohun méjì: kí ara rẹ̀ yá, kó sì yege.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi gbogbo àkókò kíláàsì èdè Japan náà kà. Bàbá gbé àṣà náà wá sí Sunday School. A dé ibi tí Jésù ti sunkún níbi ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá ní, "Ó mọ̀ pé òun máa jí i dìde. Kí ló wá ń sunkún sí?" Ìbéèrè náà ti ń jẹ ẹlòmíì nínú wa lọ́kàn, a ò kàn sọ ọ́ jáde ni.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú," ni Joel tó ń kọ́ wa wí.

"Tẹ̀ síwájú lọ síbo? Ọ̀gá wa ṣì ń sunkún."

Nígbà tí ọjọ́ ìjíròrò fi máa pé, orí ibùsùn ọsibítù ni Bàbá wà. Kò gbà kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Mobáyọ̀ gbé fóònù dání, gbogbo kíláàsì hàn nínú rẹ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó rí i pé Zoe, ọmọbìnrin tó máa ń ta kò ó jù, ń gba gbogbo ohun tí òun bá sọ.

"Zoe, ṣé àánú mi ló ń ṣe ẹ́?"

"Rárá."

"Ó ń ṣe ẹ́. Àìsàn mi ò sí nínú ìwé tá a kà. Bá mi jiyàn, jọ̀ọ́."

Zoe bá a jiyàn. Ó jiyàn débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé ìjà ni. Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Olùkọ́ ní ó yege.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Joel jókòó ti Mobáyọ̀. "Mọ́mì, ohun méjì la bẹ Ọlọ́run. Ó ṣe kékeré, ó fi ńlá sílẹ̀. N ò mọ bí mo ṣe máa fi ìyẹn kọ́ èèyàn."

Mobáyọ̀ ní, "Èmi náà ò mọ̀, Joel. Ṣùgbọ́n èyí tó o pè ní kékeré yẹn, èmi ni mo gbé fóònù dání. O ò rí bí ojú ẹ̀ ṣe ń dán nígbà tí wọ́n ní ó yege ni."