Òkè Inú Àwo Iyán

Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní jọ́gíráfì kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ẹ̀fọ̀n, bẹ́ẹ̀ ẹni bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ òkè, àfi kí n dáhùn bí ìwé ṣe wí.

Ọmọ mi obìnrin bímọ sí Skọ́tláǹdì. Ọkọ rẹ̀, ọmọ ibẹ̀, ló fún ọmọ náà ní orúkọ kan tí wọ́n ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn: Kọ́rì. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, Màmá àgbà ló máa kọ́kọ́ pe orúkọ yẹn lọ́jọ́ kẹjọ o." Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn: ìyá tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ pe ọmọ tuntun, kí àwa yòókù tó tẹ̀ lé e. Màmá mi ló pe ọmọ mi náà nígbà tirẹ̀.

Màmá bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń pè ní Kọ́rì?"

Èmi aláìgbọ́n, mo ní, "Kòtò ńlá ni, Màmá. Ara òkè ló máa ń wà."

"Kòtò? Wọ́n sọ ọmọ mi ní kòtò? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò? Ẹnu mi yìí ò ní pè é láéláé."

A bẹ̀ ẹ́ títí. Pásítọ̀ wa bẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi sunkún lórí fóònù, ó ní ṣé ti ọmọ òun ló máa wá yàtọ̀ ni. Inú bí mi sí Màmá, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹjọ pé, Màmá kọ̀, kò sún mọ́ fóònù. Mo gún iyán, iṣu ìlú Erijiyan tó funfun báláú. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé Màmá mi kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn bí iyán bá ń gbóná níwájú rẹ̀. Kó tó fọwọ́ kàn án, mo ti àtàǹpàkò mi bọ ẹ̀gbẹ́ iyán náà.

"Háà! Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, òkè nìyí. Yìnyín ló tẹ̀ ẹ́ báyìí fún ọdún gbọọrọ, kó tó yọ́ lọ." Mo bu ọbẹ̀ sínú ihò náà. Kò ṣàn sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. "Kọ́rì nìyí. Báyìí ni omi ṣe ń dúró sínú rẹ̀ lórí òkè wọn. Ó mọ́ gaara."

Ó wò ó títí. "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Ìwọ tíṣà yìí! Ibi tí omi ń gbé lo wá pè ní kòtò! Ṣé o mọ iye ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n yìí lọ pọnmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí mo tún gùn ún padà tòun ti ìkòkò lórí? Gbé fóònù wá, jàre!"

Mo pe ọmọ mi, Màmá sì gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Kọ́rì! Kọ́rì ulé wa! Omi rẹ ò ní gbẹ o!"

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ní kó tún un pè. Màmá tún un pè. Ó pè é, pè é, títí iyán fi tutù níwájú rẹ̀.