Ẹ̀bà Inú Kọ̀ǹpútà

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ti lọ. Mo fi wọ́n búra. Ojú mi ló ṣe, imú mi ló sì gbọ́ òórùn rẹ̀, imú yìí ló jìyà jù.

Ọmọ sójà ni Ọmọ́ṣaléwá. Inú báráàkì sójà, Cantonment Ọ̀jọ́, ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀, Sájẹ́ǹtì Owólabí, ti máa ń jí gbogbo ilé kalẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Wọ́n á gbálẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ní ìlà bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Bí ewé kan bá jábọ́ sórí ilẹ̀ ọ̀hún, bàbá náà á bi ewé pé ta ló fún un láṣẹ. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ báyẹn kò lè jókòó ti ìdọ̀tí. Ó kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ó gboyè, ó wáṣẹ́ títí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ fi lu, kí orí tó gbé e wá sí ilé mi ní Okokomaiko, níbi tí ayálégbé mi kan, Jídé, ti gba yàrá ńlá ìsàlẹ̀, tó ń pè é ní ọ́fíìsì. Òun ló ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Èmi ò bá a pè é.

Wọ́n ní kóòdù ni àwọn ń kọ, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀lé kó tó mọ ohun tí yóò ṣe. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́, ṣé kò nímú ni? Ibi tí wọ́n ti ń tẹ kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n ti ń jẹun. Wálé, tó ń bá Jídé ṣiṣẹ́, ọbẹ̀ ti lẹ bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pọ̀, tó bá tẹ ọ̀kan, àwọn yòókù á tẹ̀lé e bí ọmọ ìyá. Egungun ẹja wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ìbọ̀sẹ̀ ẹnì kan wà lórí ínfátà tó ń fún wọn níná, ó ń gbẹ níbẹ̀, ó ń rùn níbẹ̀. Òórùn àgbò tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti ọjà àgbò Alaba Rago, tó bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, á kọ́kọ́ dúró, á mí kanlẹ̀, á sì pẹ̀yìn dà.

Èyí tó wá burú jù ni kọ̀ǹpútà àgbà kan tó wà lábẹ́ tábìlì. Inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wọn wà. Eruku orí rẹ̀ nípọn bí òfì. Aáyán ń wọlé, aáyán ń jáde lára rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó lọ́jọ́ kan, àgbà aáyán kan yọjú síta, ó wò mí, ó mi orí sí mi bí ẹni ń kí láńlọ́ọ̀dù, ó padà wọlé. Mo tutọ́.

Ọmọ́ṣaléwá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n nu nǹkan yìí."

Jídé fò sókè. "Má fọwọ́ kàn án! Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

"Ó parí. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, a kì í fọwọ́ kàn án."

Wálé ní òfin gbogbo ẹni tó ń kọ kóòdù nìyẹn, kárí ayé. Mo bi í pé, "Ṣé ìyẹn ni ìwọ náà kì í fi í wẹ̀? Torí ara rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ẹ̀yin Bàbá yìí sá," ló wí, ó sì fi ọwọ́ tó fi ń jẹ dòdò tẹ kíbọ́ọ̀dù.

Ìdánwò ni wọ́n fi Ọmọ́ṣaléwá sí. Ó ń kọ́ áàpù kan tí èèyàn yóò fi máa wo àgbò Alaba Rago lórí fóònù kó tó jáde nílé. Ní Sátidé tó ṣáájú Iléyá, Alájì Dáúdà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń ta àgbò, yóò wá wò ó. Jídé ti sọ ọ́ láìfi bò: bí áàpù bá ṣiṣẹ́ níwájú Alájì, Ọmọ́ṣaléwá di òṣìṣẹ́ gidi. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kó máa lọ. Ọmọ náà sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn pé, "Bàbá, tí mo bá tún padà sí báráàkì láìníṣẹ́, Dádì á ní kí n kúkú wá wọ iṣẹ́ sójà."

Sátidé pé. Mo sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ láti wá bá wọn jà lórí òórùn, mo bá Ọmọ́ṣaléwá nìkan lórí eékún, ó fi gèlè dí imú, ó ti tú ara kọ̀ǹpútà àgbà náà.

"Ọmọ sójà, kí lò ń ṣe?"

"Bàbá, mi ò lè jẹ́ kí Alájì wá bá aáyán nílé."

Ohun tó kó jáde, n kò ní sọ gbogbo rẹ̀, ẹ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Ìyẹ́ aáyán. Ìgbẹ́ eku. Irun, n kò mọ ti ta ni, n kò sì fẹ́ mọ̀. Nínú lọ́hùn-ún ló ti rí nǹkan rogodo kan, ó dúdú, ó le bí símẹ́ńtì, ó hu irun. Ó fi ẹ̀yìn ṣíbí ha á kúrò, ó jù ú sáàtàn. Ó nu ibẹ̀ títí ó fi ń dán, ó pa ara kọ̀ǹpútà náà dé, ó tan án.

Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí dísìkì kankan. Dísìkì ni àpótí tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀: áàpù, fọ́tò àgbò, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó pa á, ó tún tan án. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Òógùn bò ó.

Bí Jídé àti Wálé ṣe ń wọlé nìyẹn. Jídé wo kọ̀ǹpútà tó ń dán, ó kígbe bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Ta ló fọwọ́ kàn án? Ibo ló wà?"

"Kí ni, sà?"

"Ẹ̀bà mi!"

Àṣírí tú. Ìkọ́ tó di wáyà dísìkì mú ti kán látọdúnmọ́dún. Lọ́jọ́ tí wáyà náà kọ́kọ́ yọ, Jídé ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Ó bu òkèlè kan, ó fi lẹ̀ ẹ́, ó ní òun ń bọ̀ wá tún un ṣe. Kò padà wá. Ẹ̀bà gbẹ, ó di òpó ilé. Ọjọ́ náà gan-an ni òfin "má fọwọ́ kàn án" bẹ̀rẹ̀. Ara mi bù máṣọ.

"Ẹ jẹ́ ká fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́," Ọmọ́ṣaléwá ní.

"Eku ti jẹ ẹ́," Wálé dá a lóhùn.

Jídé ní, "Wálé, sáré lọ bá Ìyá Bàrákátù olóúnjẹ. Ẹ̀bà gbígbóná! Má gba ọbẹ̀ o."

Ẹ̀bà àti àlejò jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ni. Alájì Dáúdà rí àwo tí wọ́n dé mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ là. "Háà! Ẹ mọ̀ pé n kò tíì jẹun? Ẹ mọ àlejò í ṣe o." Ó jókòó, ó fi omi inú ọ̀rá ṣan ọwọ́. "Ọbẹ̀ wá ńkọ́?"

Ẹ sọ fún mi, báwo lẹ ṣe máa sọ fún àgbà pé kó ká ọwọ́ kúrò, kọ̀ǹpútà ló ni oúnjẹ? Wálé tún sáré jáde, ó gbé ọbẹ̀ ilá wá. Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ó ń fa ilá, ó ń ròyìn àgbò. Ọmọ́ṣaléwá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń wo òkèlè bó ṣe ń lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ yẹn.

Ó ku òkèlè kan. Ọmọ́ṣaléwá ní, "Alájì, ẹ dákun, ẹ fún mi lẹ́yẹn."

"Ebi ń pa ọ́, ọmọ mi? Kí ló dé tí o ò ti sọ?" Alájì ṣù ú dáadáa, ó tì í bọnú ọbẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó nà án sí i, ilá ń fà láti ọwọ́ rẹ̀ dé ilẹ̀.

Ọmọ Sájẹ́ǹtì Owólabí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó fi etí búláòsì rẹ̀ funfun nu ilá kúrò lára rẹ̀. Ó wọ abẹ́ tábìlì. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà, ó tan kọ̀ǹpútà, dísìkì sì yọjú.

Àgbò tò sórí fóònù Alájì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí tirẹ̀, ó pariwo, "Ẹ wo ìwo rẹ̀! Òun ló kàn mí lápá lánàá!" Ó ní kí wọ́n gbé gbogbo àgbò òun sórí áàpù náà láti ọ̀la. Jídé bọ Ọmọ́ṣaléwá lọ́wọ́, ilá lẹ ọwọ́ àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ní, "O ti di ara wa."

Mo rò pé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Ọmọ́ṣaléwá yóò gbé kọ̀ǹpútà lọ fún ẹni tó lè tún ìkọ́ rẹ̀ ṣe. Iléyá kọjá. Àgbò tán nílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gba ọmọ tuntun kan, Dámilárá, láti Ìbà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i tó mú àkísà, tó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

Ọmọ́ṣaléwá ń jẹun lórí kíbọ́ọ̀dù. Ó na òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Má fọwọ́ kàn án! Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?"

Mo gun àtẹ̀gùn mi padà. N kò lè jẹ ẹ̀bà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nítorí eyín mẹ́ta tí mo fi búra, mo gbọ́dọ̀ tún ibì kan ṣe. Aáyán yẹn kò mi orí sí mi. Ó kàn wò mí ni.